Etí Wà Nínú Ìrètí

Àtùpà kan ṣoṣo ló ń tàn nínú ilé náà. Bàbá tó ni ilé jókòó lórí àpò kòkó tó ṣófo, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú bí ẹni tí kò ní í dìde mọ́. Iná ọ̀gbẹlẹ̀ ti jó oko rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, oko kòkó tó ti ń ro kí wọ́n tó bí àbíkẹ́yìn rẹ̀. Eérú ṣì wà nínú irun rẹ̀. Láti Ọ̀rẹ̀ ni mo ti gun kẹ̀kẹ́ lọ sí abúlé náà, lápá Omifunfun, mo sì ti wá ẹsẹ Bíbélì mẹ́ta sílẹ̀ lójú ọ̀nà tí n óò fi tù ú nínú. Nígbà tí mo rí ojú rẹ̀, ẹsẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fò lọ lórí mi. Mo jókòó tì í nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò sọ̀rọ̀, èmi náà kò sọ̀rọ̀. Ó pẹ́ kó tó la ẹnu. Nígbà tó wá bẹ̀rẹ̀, igi ló ń kà: èyí tó gbìn lọ́dún tí ìyá rẹ̀ kú, èyí tí ìyàwó rẹ̀ ń bu omi sí nídìí nígbà tó lóyún, ìlà kan létí odò tí ọ̀bọ kì í jẹ́ kí èso rẹ̀ gbó. Ó ń kà á lọ bí ẹni ń ka orúkọ òkú. Nígbà tí àkùkọ kọ, mo gbàdúrà kúkúrú, mo dìde. Bàbá mú mi lọ́wọ́, ó ní, "Tíṣà, ẹ ṣeun tí ẹ gbọ́ ọ."

Mo ń rò ó títí mo fi délé. Bàbá kò dárúkọ àdúrà nínú ọpẹ́ rẹ̀. Gbígbọ́ ló dúpẹ́ fún.

Ọmọ ọdún 26 ni mí nígbà náà, ìjọ ṣẹ̀ṣẹ̀ rán mi wá láti máa ṣe tíṣà ìjọ ní àwọn abúlé oko. Ó ti lé ní 30 ọdún báyìí tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ náà káàkiri ìjọba ìbílẹ̀ Odigbó. Mo ti sìnkú, mo ti sọmọ lórúkọ, mo ti so tọkọtaya pọ̀, mo ti parí ìjà ilẹ̀. Nínú gbogbo rẹ̀, òru ọjọ́ yẹn ló kọ́ mi níṣẹ́ jù.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi ojú mìíràn wo ọ̀rọ̀ méjì tí à ń lò jù lọ nínú ìjọ. Ẹ pe ìgbàgbọ́, ẹ óò gbọ́ gbígbà àti gbígbọ́ tí wọ́n so pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ pe ìrètí, etí ń dún nídìí rẹ̀. Ẹni tó ń retí dà bí ìyá tó jókòó lójú ilé lálẹ́, tó ń tẹ́tí sí ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ tó lọ sọ́jà tí kò tíì dé. Kò tíì rí ọmọ, ṣùgbọ́n kò tíì ti ilẹ̀kùn. Ohun kan ṣoṣo ni mo sì fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí: etí ni agbára ìgbàgbọ́ ń gbà wọ inú ìgbé ayé wa ojoojúmọ́. Ìjọ tó bá ti sọ etí rẹ̀ nù, bó ti wù kí ohùn rẹ̀ ròkè tó, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò máa dá ru ẹrù wọn.

Ẹni tó bá mọ Ọ̀rẹ̀ mọ̀ pé ìlú oríta ni. Ọ̀nà tó ti Èkó lọ sí Bìní gba ibẹ̀ kọjá, ọ̀nà Oǹdó àti ti Òkìtìpupa sì pàdé níbẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1967, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun Biafra tó ti gba Bìní dé kí ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ tó dá wọn dúró. Títí dòní ni àwọn àgbà ń fi ìjà Ọ̀rẹ̀ ṣe àpèjúwe ohun tó bá le. Nínú àwọn oko tó yí wa ká, títí dé ẹ̀bá igbó ìjọba tí wọ́n ń pè ní Olúwa, ẹ óò bá ọmọ Ìkálẹ̀ àti Oǹdó, ẹ óò bá ará Ọ̀ṣun àti Ọ̀yọ́ tó wá roko kòkó, ẹ óò bá Èbìrà, Ùròbò, Àgàtú àti Ìgbò. Ọ̀pọ̀ wọn ló jìnnà sílé bàbá wọn. Ẹni tó wà nílé bàbá rẹ̀ ní ẹ̀gbọ́n tó lè sunkún sí lọ́rùn. Àlejò tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ lórí ilẹ̀ onílẹ̀, ta ni yóò ké sí lóru? Ìdí nìyẹn tí ìjọ kékeré tí wọ́n fi pákó kọ́ sẹ́bàá ọ̀nà oko fi di ilé bàbá fún wọn.

Iṣẹ́ wa nígbà náà kò ní ariwo. Mo ní ìwé kan ẹlẹ́yìn dúdú tí mo fi ń ṣe àbẹ̀wò lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì, ojú ewé kan fún ilé kan. Ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ mi, ikán ti jẹ etí rẹ̀. Ohun tí mo kọ sínú rẹ̀ kì í ju ìlà kan lọ: "Ọmọ kejì ń wúkọ́." "Wọn ò dáná nígbà tí mo dé." "Bi í nípa ẹjọ́ ilẹ̀." "Ó rẹ́rìn-ín lónìí." Bí mo bá padà dé lọ́sẹ̀ kejì, tí mo béèrè ikọ́ ọmọ kejì kí n tó jókòó, n óò rí i tí ojú ìyá rẹ̀ yóò là. Kì í ṣe pé mo mú oògùn wá. Ó rí i pé ikọ́ ọmọ òun wọ etí ẹnì kan, kò sì bọ́ síta.

Àwọn àgbà ní gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Lọ́jọ́ Ìsinmi, gbogbo wa la wọ aṣọ ẹgbẹ́, a wé gèlè, a dé fìlà, a ń jó lọ síbi àwo ọrẹ. Ta ló mọ ẹni tó jẹ gbèsè oúnjẹ kó tó rí owó ọrẹ? Ta ló mọ obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kò bá sọ̀rọ̀ láti oṣù mẹ́ta? Inú ìjọ ni a ti ń rí ara wa, inú ilé ni a ti ń gbọ́ ara wa. Ẹni tí kò bá dé ilé èèyàn, ikùn alángbá ló ń wò.

Bí mo bá sì wo ìtàn ìgbàgbọ́ nílẹ̀ Yorùbá, mo ń rí i pé etí ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní 1821 ni wọ́n kó Àjàyí lẹ́rú ní Òṣogùn nígbà tó wà lọ́mọdé. Ọkọ̀ ogun ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní 1822, wọ́n sì gbé e lọ sí ilẹ̀ Sàró, níbi tó ti di Samuel Ajayi Crowther. Nígbà tó dàgbà, ó fetí sí bí àwọn èèyàn rẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀, ó kó ọ̀rọ̀ wọn jọ, ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1843. Nígbà tó sì di 1884, òun àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ti fún wa ní odindi Bíbélì lédè Yorùbá. Ṣùgbọ́n ibi tí mo máa ń dúró sí nínú ìtàn yìí ni ọdún 1846, nígbà tí òun àti ìyá rẹ̀ tún fojú kan ara wọn ní Abẹ́òkúta lẹ́yìn ọdún 25. Mo ti sọ ìtàn náà nílé ọ̀pọ̀ ìyá tí ọmọ wọn lọ tí wọn ò gbúròó. N kì í fi ṣe ìlérí fún wọn pé ọmọ tiwọn náà yóò dé, nítorí n kò ní àṣẹ láti ṣe ìlérí yẹn. Mo kàn ń sọ fún wọn pé ìyá kan ti jókòó síbi tí wọ́n jókòó sí yìí rí, ọdún 25 ló sì fi jókòó.

Àwọn ìjọ Aládùúrà náà, kì í ṣe orí pèpéle ni wọ́n ti yọ. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1918 ń pa èèyàn nílé lóko, àwọn èèyàn díẹ̀ nínú ìjọ Áńgílíkà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde kó ara wọn jọ láti máa gbàdúrà pọ̀. Láti ibẹ̀ ni ohun tó di Ìjọ Kristi Àpósítélì ti rú jáde nígbà tó yá. Ní 1925, wọ́n pe Moses Orimolade, ọmọ Ìkàrẹ́, láti wá wo ọmọbìnrin kan tó dùbúlẹ̀ sínú ìran ní Èkó. Àbẹ̀wò yẹn ló bí Kérúbù àti Séráfù. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1928, Joseph Ayo Babalola ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà láàrin Iléṣà sí Àkúrẹ́. Ẹ̀rọ náà dákú, kò ṣiṣẹ́ mọ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló sọ pé òun gbọ́ ohùn tó pe òun. Mo máa ń rò ó pé, bí ẹ̀rọ yẹn bá ṣì ń pariwo ńkọ́?

Mo béèrè bẹ́ẹ̀ nítorí pé ẹ̀rọ wa pọ̀ lónìí, wọ́n sì ń pariwo. Ìgbà kò lọ bí òréré, ayé kò lọ bí ọ̀pá ìbọn. N kò retí pé kí ìjọ dúró síbi tí mo bá a. Ṣùgbọ́n mo rí bí ó ṣe yí padà. Lákọ̀ọ́kọ́, agogo la fi ń pe ara wa. Lẹ́yìn náà ni gbohùngbohùn dé, jẹnẹrétọ̀ tẹ̀ lé e, àìsùn di ohun tí gbogbo àdúgbò kò lè sùn sí. Àwọn pátákó ńláńlá yọ sẹ́bàá títì, wọ́n ń pe èèyàn wá gba iṣẹ́ ìyanu láàrin ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn ọ̀dọ́ tí à ń kọ́ níṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bí wọn yóò ṣe máa wàásù tí èrò yóò fi pọ̀. N kò rántí ẹni tó béèrè lọ́wọ́ mi bí a ṣe ń jókòó ti aláìsàn. Ìwé ẹlẹ́yìn dúdú di ohun àtijọ́. Ẹnu ìjọ gbòòrò, etí rẹ̀ sì ń fún.

Bí ẹlẹ́jọ́ bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Èmi náà jẹ̀bi nínú ọ̀ràn yìí. Aránṣọ kan wà nínú ìjọ tí mo ń bójú tó, obìnrin jẹ́jẹ́, tí wọ́n ti sọ fún nílé ìwòsàn pé ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó lọ síbi ìsọjí kan, wọ́n ní ó ti rí ìwòsàn gbà. Nígbà tó dé, ó da oògùn rẹ̀ sí ṣáláńgá, ó sì wá jẹ́rìí lọ́jọ́ Ìsinmi. Ọwọ́ mi ni gbohùngbohùn wà. Èmi ni mo gbé e sí i lẹ́nu. Ìjọ hó yèè, èmi náà hó. Oṣù kẹta lẹ́yìn náà, rọpárọsẹ̀ mú un, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kú. Mo lọ bẹ̀ ẹ́ wò, mo rí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ tí wọ́n fi aṣọ àdìrẹ bò mọ́lẹ̀ ní kọ̀rọ̀ ilé. Nígbà tí ahọ́n rẹ̀ wá ń là díẹ̀díẹ̀, ó sọ ohun tí n kò mọ̀: owó oògùn ti ga ju ohun tó ń rí nídìí aṣọ rírán lọ, ó sì ti ń lò ó lọ́jọ́ kan, tó ń fo ọjọ́ kejì, kó tó lọ síbi ìsọjí. Ojú ti í láti sọ. Wọ́n wá fún un ní ọ̀nà tó níyì láti dá oògùn dúró. Ó wò mí, ó ní, "Ẹ ò bi mí ní nǹkan kan, Bàbá."

Òtítọ́ ni. N kò bi í. Ká ní mo ti bi í léèrè lọ́jọ́ yẹn, à bá ti ràn án lọ́wọ́: owó oògùn oṣù kan kò tó ohun tí a fi ra epo sí jẹnẹrétọ̀ fún àìsùn kan. Lúùkù tó kọ ìwé Ìhìnrere, oníṣègùn ni. Ta ló wá sọ fún wa pé ìgbàgbọ́ àti oògùn ń bá ara wọn jà? Láti ìgbà náà, n kì í jẹ́ kí ẹ̀rí ìwòsàn kọjá létí mi láìjẹ́ pé mo bá onítọ̀hún jókòó ní òun nìkan. Lọ́jọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù, nọ́ọ̀sì kan nínú ìjọ máa ń jókòó sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ìsìn, ó ń wọn ìfúnpá èèyàn. Apá kan ọrẹ ọjọ́ náà ń lọ sí oògùn àwọn tí kò lágbára. Arábìnrin aránṣọ yẹn ló ń fi ọwọ́ òsì kọ orúkọ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kòkó tún kọ́ mi ní nǹkan mìíràn. Kó tó di 1986 tí ìjọba tú àjọ tó ń rí sí títa kòkó ká, iye kan ni àgbẹ̀ mọ̀ ṣáájú. Lẹ́yìn rẹ̀, ọjà àgbáyé ló ń ti wá sókè sódò. Ní 2024, owó kòkó lágbàáyé kọjá 10,000 dọ́là fún tọ́ọ̀nù kan, ohun tí ojú kò rí rí. Ìdúpẹ́ pọ̀ nínú ìjọ lọ́dún náà. A jó, a tún òrùlé ṣe, àwọn kan ra ọkọ̀, inú mi sì dùn fún wọn. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, owó náà já wálẹ̀. Mo ń rí àga tó ṣófo. Mo lọ sílé ọ̀kan nínú àwọn tó ṣe ìdúpẹ́ jù. Ó ti yá owó lórí oko rẹ̀ nígbà tí kòkó wọ́n, ó rò pé bí yóò ṣe máa rí lọ nìyẹn. Ó bi mí pé, "Bàbá, kí ni mo ṣe fún Ọlọ́run?"

Ìbéèrè rẹ̀ dùn mí nítorí pé àwa la fi kọ́ ọ. Bí a bá ti sọ fún èèyàn pé owó gọbọi ni àmì ojú rere Ọlọ́run, kí ni yóò rò lọ́jọ́ tí owó bá já? Wòlíì Hábákúkù mọ àgbẹ̀. Ó sọ nípa oko tí kò so àti agbo tí ẹran kò sí, ó sì ní síbẹ̀ òun yóò yọ̀ nínú Olúwa. Àgbẹ̀ kòkó ló yẹ kó yé jù. Ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ni kòkó máa ń gbà kó tó so. Àgbẹ̀ ń roko fún igi tí kò tíì fún un ní nǹkan kan, ó ń tọ́jú rẹ̀, ó ń lé ẹranko lára rẹ̀. Ta ló kọ́ àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyí pé kí wọ́n máa fi ojú tẹ́tẹ́ wo Ọlọ́run, kí wọ́n ta á lónìí kí wọ́n jẹ ẹ́ lọ́la? Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Ìgbà mìíràn sì wà tí ẹnu kò wúlò rárá. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà ọdún 2022, ọjọ́ Ìsinmi Pẹ́ńtíkọ́sì, àwọn apànìyàn ya wọ inú ìjọ Kátólíìkì St Francis Xavier ní Ọ̀wọ̀, ní ìpínlẹ̀ wa yìí kan náà. Wọ́n pa olùjọsìn tó tó 40, wọ́n sì ṣe ọ̀pọ̀ léṣe. Lọ́sẹ̀ yẹn, gbogbo oníwàásù tó wà ní Oǹdó ló ń wá ohun tí yóò sọ. Mo rántí àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, wọ́n jókòó tì í nílẹ̀ fún ọjọ́ méje, kò sí ẹni tó fọhùn, nítorí wọ́n rí i pé ìbànújẹ́ rẹ̀ pọ̀. Ọjọ́ méje yẹn ló dára jù nínú iṣẹ́ wọn. Ìgbà tí wọ́n la ẹnu, tí wọ́n ń wá ẹ̀ṣẹ̀ tó dá, ni wọ́n ba ohun gbogbo jẹ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, a kò wàásù níjọ wa. A jókòó. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ẹ̀rù tó ń bà á, ó dìde, ó sọ ọ́, ó jókòó. Ọmọdé kan ní òun kò fẹ́ jókòó sítòsí ilẹ̀kùn mọ́. Bàbá Ìjọ dìde láìsọ ohun kan, ó gbé àga tirẹ̀ lọ síbi ilẹ̀kùn, ó jókòó síbẹ̀. Ibẹ̀ náà ló ń jókòó sí títí dòní.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ayé àtijọ́ nìkan ni mo ń yìn. Àwọn ohun tuntun náà ní etí, bí a bá lò wọ́n fún un. Ọmọkùnrin kan láti agbègbè wa gba aṣálẹ̀ lọ sí Líbíà, ó ní òun ń lọ sí Yúróòpù. Ìlú tí kò mọ̀ ni ó há sí. Alẹ́ ló máa ń pè mí lórí Whatsapp, nítorí kò fẹ́ kí ìyá òun gbọ́ ohùn ẹkún òun. Ìgbà mìíràn, iṣẹ́jú mẹ́wàá á kọjá tí n óò máa gbọ́ èémí rẹ̀ nìkan. N kò pa fóònù. Ó padà wálé lọ́dún kejì, ó ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwá ní Ọ̀rẹ̀ báyìí. Ó sọ fún mi pé ohun tó di òun mú ni pé òun mọ̀ pé ẹnì kan yóò gbé e bí òun bá pè. Àwọn àgbà ní etí ọba nílé, etí ọba lóko, èèyàn ní í jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ọba ayé bá nílò èèyàn tí yóò máa jẹ́ etí fún un, àwa tí à ń sọ pé Ọlọ́run ń gbọ́ àdúrà, ta ni a rò pé Ó fẹ́ fi ṣe etí ní abúlé wa?

Ìyá kan wà tó ń yan bọ̀ọ̀lì lẹ́bàá títì ní Ọ̀rẹ̀. Ọ̀nà yẹn kan náà ló gba ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, nínú ìjàǹbá ọkọ̀, nígbà tí títì náà kún fún kòtò tí ọkọ̀ fi ń sun ojú ọ̀nà mọ́jú. Fún odindi ọdún kan, kò lè kọrin nínú ìjọ. Opó mìíràn tó ń ta omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló máa ń bá a jókòó títí ọjà yóò fi tú. Lónìí, bí ẹ bá gba ibẹ̀ kọjá ní ìdájí, ẹ óò rí i tó ń fẹ́ èédú. Bí ó bá ti gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan sórí wáyà, yóò dárúkọ ẹnì kan: ọmọ rẹ̀ tó wà nílé ẹ̀kọ́, awakọ̀ tó dágbére fún un lánàá, opó olómi yẹn. Bí ó bá yí ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà padà, yóò tún dárúkọ onítọ̀hún lẹ́ẹ̀kejì. Mo bi í pé ṣé àdúrà rẹ̀ nìyẹn. Ó ní, "Bàbá, iná ò ní í dúró dè mí kí n kúnlẹ̀ wákàtí kan. Bí mo ṣe ń yan án ni mo ṣe ń pè wọ́n." Mo ti lọ sí ọ̀pọ̀ àìsùn láyé mi. N kò tíì rí ibi tí ìgbàgbọ́ ti fún èèyàn lágbára láti jí lọ́la, kó tún bọ́ sẹ́nu iṣẹ́, ju ìdí iná yẹn lọ.

Bàbá tí oko rẹ̀ jóná kò fi ilẹ̀ náà sílẹ̀. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ó gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣáájú, gẹ́gẹ́ bí àgbẹ̀ ti máa ń ṣe, kó lè ṣíji bo ọmọ kòkó kí oòrùn má pa á. Lẹ́yìn náà ló gbin kòkó sábẹ́ rẹ̀. Mo ti rò ó lọ́pọ̀ ìgbà pé ohun tí à ń ṣe nígbà tí a bá jókòó ti ẹni tí ayé jó oko rẹ̀ nìyẹn: ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wá. Àwa kọ́ ni yóò so èso náà, Ọlọ́run ló ń mú un so. Òjìji díẹ̀ ni tiwa, títí ìrètí ẹni náà yóò fi lè dá oòrùn gbà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, lẹ́ẹ̀kan nínú ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ lọ sílé ẹnì kan tí ẹ ti ń rí nínú ìjọ tí ẹ kò tíì gbọ́ rí. Ẹ má wá ẹsẹ Bíbélì sílẹ̀ ṣáájú. Ẹ jókòó, ẹ béèrè bí nǹkan ti rí, kí ẹ sì dúró gbọ́ ìdáhùn kejì, nítorí "a dúpẹ́" ni àkọ́kọ́ máa ń jẹ́. Bàbá tí oko rẹ̀ jóná yẹn gbé èso kòkó mẹ́ta wá síbi ìkórè ní ọdún kẹrin tó tún oko gbìn. Ó gbé wọn síwájú pẹpẹ, kò sọ ohun kan, ó padà lọ jókòó.